ILÉ MÁRÙN-ÚN TÍ Ń JẸ́RÌÍ: NICODEMUS NÍ KÁŃTÌ GRAHAM

Bí ènìyàn bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ilé ìtàn, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni ààfin, ilé ìjọsìn gàgàrà, tàbí ilé ẹjọ́ olórùlé gíga. Èrò yìí kò ṣàì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oko ọkà àti pápá ẹran ti tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní káńtì. Káńtì kọ̀ọ̀kan ní olú-ìlú tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ni ọ̀wọ̀ olú-ìlú náà. Ní káńtì Chase ní ìpínlẹ̀ Kansas, fún àpẹẹrẹ, ilé ẹjọ́ tí John G. Haskell ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n fi òkúta ẹfun kọ́ parí ní ọdún 1873, ṣì dúró digbí ní ìlú Cottonwood Falls, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ìjọba nínú rẹ̀ títí di òní. Kò sí àjèjì tí yóò dé ìlú náà tí ẹnìkan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé kí ó wò ó.

Síbẹ̀, ìbéèrè méjì kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dúró níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìtàn ta ni ilé yìí ń sọ? Ta sì ni ìtàn rẹ̀ kò sí lára ògiri rẹ̀? Ẹni tí ó bá ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yóò fi ilé ẹjọ́ olókìkí sílẹ̀, yóò kọjú sí ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Kansas, yóò sì dé káńtì Graham, ní abúlé kékeré kan tí ń jẹ́ Nicodemus. Kò sí ilé gàgàrà níbẹ̀. Ilé márùn-ún péré ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà sí ilé ìtàn ní abúlé náà, ilé kéékèèké sì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ tóbi ju bí ògiri wọn ti tóbi lọ fíìfíì.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, òfin sì fi òpin sí oko ẹrú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òmìnira inú ìwé, ọ̀tọ̀ ni òmìnira ojú ayé. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ó ti bọ́ lóko ẹrú ni kò ní ilẹ̀, tí ó sì ń dá oko fún ẹni tí ó ti jẹ́ olówó rẹ̀ rí. Bí ó bá fẹ́ dìbò, ẹ̀rù ń bẹ. Bí ó bá fẹ́ rán ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ìdíwọ́ ń bẹ. Ní ọdún 1877 ni ìjọba àpapọ̀ sì ṣíwọ́ lílo àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn ní gúúsù.

Ọdún 1877 yìí kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ni àwọn ọkùnrin méje dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti tẹ ìlú Nicodemus dó. Aláwọ̀ dúdú ni mẹ́fà nínú wọn, aláwọ̀ funfun sì ni ẹnìkan. Àlùfáà W. H. Smith, aláwọ̀ dúdú, ni ààrẹ. W. R. Hill, aláwọ̀ funfun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa ilẹ̀, ni akápò. Wọ́n tẹ ìwé ìkéde, wọ́n sì pín in káàkiri fún àwọn aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹni tí ó bá san dọ́là 5 yóò ní ààyè ilé nínú ìlú. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1862 fún olúkúlùkù láǹfààní láti gba éékà 160 lọ́wọ́ ìjọba, bí ó bá ti gbé orí rẹ̀ tí ó sì ro ó fún ọdún 5. Fún ẹni tí wọ́n ti tà rí bí ẹran ọ̀sìn, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni pé kí òun náà ní ilẹ̀ tí yóò pe ní tirẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn dé láti agbègbè Lexington ní Kentucky. Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, pé ìlú ti ń gbèrú. Ohun tí wọ́n bá yàtọ̀. Pápá gbalasa ni, tí igi kò hù sí àfi lẹ́bàá odò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìlérí inú ìwé ìkéde yẹn kò yàtọ̀ sí ilé onítọ́. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí Hill, àwọn kan sì padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí ó dúró kò rí igi fi kọ́lé, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò sí ara òkè, wọ́n fi koríko àti erùpẹ̀ bo orí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé inú ilẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1878, ẹgbẹ́ mìíràn tún gbéra láti ìlú Georgetown ní Kentucky. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé ìlú Ellis, láti ibẹ̀ wọ́n sì rin ìrìn tí ó lé ní máìlì 30 gba inú pápá kọjá. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Willianna Hickman wà lára wọn. Ó sọ ìrírí rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, ìtàn náà kò sì parun. Ọkùnrin kan nínú wọn kígbe pé Nicodemus rèé. Obìnrin náà wò títí, kò rí ilé kankan. Ó béèrè ibi tí ìlú wà, wọ́n sì nawọ́ sí èéfín tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀. Inú ihò wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn ń gbé. Bí ó ti rí i báyìí, ó bú sẹ́kún.

Ó ṣe pàtàkì kí olùkọ́ fi ẹkún yìí sọ́kàn kí ó tó máa sọ̀rọ̀ nípa ilé òkúta. Ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn fi yé ni pé ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, nígbà tí oúnjẹ tán pátápátá, àwọn ọmọ ẹ̀yà Osage, onílẹ̀ àtijọ́, tí ń ti ọdẹ bọ̀, ni ó fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n fi là á já.

Ìlú náà kò kú. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé onígi àti ilé òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ihò. Ọmọ Nicodemus tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó sọ agbègbè náà di káńtì. Abram Hall, aláwọ̀ dúdú tí ó ti Chicago wá, ni wọ́n yàn láti ka iye ènìyàn kí ìjọba lè fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n dá káńtì Graham sílẹ̀ ní ọdún 1880, gómìnà fi Edward P. McCabe, ọ̀rẹ́ Hall, ṣe akọ̀wé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1882, gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas dìbò yan McCabe yìí láti máa ṣe àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀, wọ́n sì tún un yàn ní ọdún 1884. Aláwọ̀ dúdú tí ó ti Nicodemus wọ ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ péré! Ní ọdún 1886 àti 1887, ìwé ìròyìn méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, Western Cyclone àti Nicodemus Enterprise.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ojú irin kò bá gbà kọjá ní ìgbà náà, bí ọjà tí ọ̀nà kò wọ̀ ni. Ará Nicodemus mọ èyí. Ní ọdún 1887, wọ́n dìbò pé àwọn yóò wá owó tí ó tó dọ́là 16,000 láti fi fa ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Missouri Pacific wá sí ìlú wọn. Àdéhùn náà forí ṣánpọ́n. Nígbà tí ó di ọdún 1888, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Union Pacific, la ojú irin tirẹ̀ gba òdìkejì odò Solomon, wọ́n sì tẹ ìlú Bogue dó níbẹ̀, ní máìlì díẹ̀ sí Nicodemus. Àwọn oníṣòwò kò dúró gba àmọ̀ràn. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n kó ọjà wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ tú ilé onígi wọn, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e sọdá odò. Hill City, ìlú tí W. R. Hill fi orúkọ ara rẹ̀ sọ, ni ó wá di olú-ìlú káńtì, ibẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ bọ́ sí.

Ohun tí ilé ẹjọ́ kò lè sọ bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ilé olú-ìlú nìkan ni àwọn òpìtàn tẹjú mọ́, wọn yóò rí orúkọ ẹni tí ó ta ilẹ̀, wọn kò ní rí àwọn tí ó ra ilẹ̀ náà tí wọ́n sì jìyà lórí rẹ̀. Ilé márùn-ún Nicodemus ni ó dí àlàfo yìí. Ó tọ́ kí á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni òtẹ́ẹ̀lì St. Francis, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1881. Ti ìdílé Fletcher ni, tọkọtaya tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ilé náà ti gba àlejò, ó ti jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọ níwèé nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ibùgbé ìdílé Switzer. Ìlú tí ó bá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí àwọn ará rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kúrò nínú ihò ń sọ ohun kan: ó ń retí àlejò, ó sì gbà gbọ́ pé ọ̀la òun yóò dára.

Èkejì ni ilé ìjọsìn tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní ọdún 1885. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ni ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1897, ìjọ African Methodist Episcopal rà á, orúkọ ìjọ yìí ni ó sì mọ́ ọn lórí. Ẹ̀kẹta ni ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi Àkọ́kọ́. Inú ihò ni ìjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ní ọdún 1907 ni wọ́n kọ́ ilé òkúta tí ó ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1975, ìjọ náà kọ́ ilé ìjọsìn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kò sì wó ti àtijọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1918, lẹ́yìn tí iná ti jó èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó ẹ̀kọ́ odindi kan: Ẹkùn Ilé Ẹ̀kọ́ Kìíní. Kí káńtì Graham tó ní ẹkùn ilé ẹ̀kọ́ kankan, ti Nicodemus ni ó kọ́kọ́ ní, ní ọdún 1879. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí èyí dáadáa. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní gúúsù kí ogun tó dé, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Àwọn tí ó ti inú irú ayé bẹ́ẹ̀ jáde ni ó dá ẹkùn ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní gbogbo káńtì náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì kúrò nínú ihò.

Ẹ̀karùn-ún ni gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ọdún 1930 le púpọ̀ fún àgbẹ̀ Kansas. Owó wọ́n, òjò kọ̀, ìjì eruku sì gbá oko lọ. Ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt dá ètò kan sílẹ̀ tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ìlú, ètò yìí ni wọ́n sì fi kọ́ gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1939, pẹ̀lú òkúta ẹfun tí wọ́n wà ní agbègbè náà. Wọ́n ṣe ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n jó, wọ́n sì ṣe àjọ̀dún níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò tí ó wá wo abúlé náà.

Òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìjọsìn méjì, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìlú. Ẹni tí ó bá to orúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn yóò rí i pé ohun tí oko ẹrú fi du ènìyàn gan-an ni wọ́n jẹ́: ibùgbé ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò lè tú ká, ìsìn láìsí olùṣọ́ lẹ́yìn, ìwé kíkà, àti àṣẹ láti dá ìlú ara ẹni ṣe. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe iyebíye, kì í ṣe nítorí ọnà ara ògiri wọn.

Yorùbá máa ń sọ pé bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀ a di ahoro. Ewu yìí ni ó dojú kọ Nicodemus. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá wá iṣẹ́. Ní ọdún 1953, ilé ìfìwéránṣẹ́ kógbá sílé. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ kò tó mọ́. Lónìí, àwọn tí ń gbé abúlé náà kò tó 50. Kí ni kò wá jẹ́ kí ó parẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tí ojú irin kọ̀ sílẹ̀ ní Kansas?

Àjọ̀dún ni. Láti ọdún 1878 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìdásílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ní ìrántí ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì dá ẹrú sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Karíbíà ní ọdún 1834. Nígbà tí ìlú ń tú, àjọ̀dún yìí di ọdún ìpadàbọ̀sílé. Títí di àkókò yìí, ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n á pàgọ́, wọ́n á dáná, wọ́n á jọ́sìn, wọ́n á sì fi ọmọ tuntun han àgbà. Bí ìlú kò bá ní olùgbé púpọ̀ mọ́, ó ṣì ní ọmọ.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó jà fún ilé náà. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ kéde Nicodemus ní ibi ìtàn pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1983, àwọn ayàwòrán-ilé tí ìjọba rán wá wọn àwọn ilé náà, wọ́n sì ya àwòrán wọn sílẹ̀ fún ìpamọ́. Síbẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ àti àwòrán kò lè tún òrùlé ṣe. Angela Bates, tí ìran rẹ̀ ti ibẹ̀ ṣẹ̀, ṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ ìtàn ìlú náà sílẹ̀ àti nínú bíbẹ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, òfin àpapọ̀ fi Nicodemus sí abẹ́ àbójútó àjọ tí ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn gbogbo orílẹ̀-èdè. Àjọ yìí ti ra ilé ìjọsìn ti ọdún 1885, ó sì ti tún un ṣe. Kì í ṣe ìjọba ni ó ni gbogbo ilé márààrún. Ọwọ́ ará ìlú, ìjọ àti ìdílé ni àwọn kan ṣì wà.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni èrè náwó-nára lórí abúlé tí ènìyàn inú rẹ̀ kò kún bọ́ọ̀sì kan? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì fara sin. Ìwé ìtàn nípa bí wọ́n ṣe tẹ pápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ni ó kún inú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan yóò rò pé aláwọ̀ dúdú kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè yọ orúkọ kúrò nínú ìwé. Ilé òkúta tí ó dúró lójú ọ̀nà kò ṣeé jiyàn bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹlẹ́rìí bá sì kú, ẹjọ́ lè yí.

Ìṣọ́ra kan wà tí ó yẹ kí á ṣe níhìn-ín. Ohun tí ilé lè sọ ní ààlà. Kò sí ihò inú ilẹ̀ kan lára ilé ìtàn márùn-ún yẹn, nítorí erùpẹ̀ kì í pẹ́ bí òkúta. Bí kì í bá ṣe ìtàn tí Willianna Hickman sọ, ta ni ìbá mọ̀ nípa èéfín inú ilẹ̀ yẹn? Nítorí náà, ẹni tí ó bá tọ́jú ògiri tí kò tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà ti tọ́jú ìdajì. Bákan náà, ilé tí wọ́n bá tún ṣe tí wọ́n sì tì pa, tí àwọn ọmọ onílé kò ní ìdí láti wọ̀ ọ́ mọ́, ahoro tí ó ní ọ̀dà lára ni. Nicodemus ń bẹ nítorí pé ẹsẹ̀ kò dá níbẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ilé àtijọ́ kọ́ni lè mú ọ̀nà yìí lò níbikíbi. Kí ó kó àwọn ọmọ lọ síwájú ilé náà, kí ó sì ní kí wọ́n wádìí ohun mẹ́rin: ta ni ó kọ́ ọ, kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí ni àwọn tí ó kọ́ ọ kò ní tẹ́lẹ̀ tí ilé náà fún wọn, àti ta ni ó ń lò ó nísinsìnyí. Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó le jù: àwọn wo ni wọ́n gbé ìlú yìí tí kò sí ilé kankan tí ó ń jẹ́rìí wọn mọ́? Ìdáhùn ẹ̀karùn-ún kì í sí lára ògiri. Ẹnu àgbà ni ó wà, àgbà kì í sì í dúró de ọmọ títí láé. Kí àwọn ọmọ mú ìwé àti gègé lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ìdúró.